Ìwé Kọ́míìkì Tí Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Yàn Kó Tó Jáde

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ilé ìtàwé kan ní Èkó máa ń fi àwọn ìwé kọ́míìkì tí kò tíì jáde hàn wá lórí fóònù. Èèpo iwájú ìwé kọ̀ọ̀kan á wà níbẹ̀, ojú ewé mẹ́ta látinú rẹ̀ á tẹ̀ lé e, wọ́n á sì sọ oṣù tí wọ́n rò pé yóò dé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ọ̀kan á sanwó dè é. Ẹni tí kò bá sanwó dè é lè wá a títí kó má rí i mọ́, nítorí iye tí àwọn atẹ̀wé ń tẹ̀ kì í pọ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń yàn. Yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaròó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní èdè Faransé ní Ìpókíá, níbi tí ọkọ wọn ti jẹ́ alùfáà ìjọ. Àwa méjèèjì ti lé lógójì ọdún, a kì í sì í fi bò fún ẹnikẹ́ni pé ìwé aláwòrán la fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé. Ìyàwó alùfáà mìíràn wá kí ẹ̀gbọ́n mi nígbà kan, ó rí kọ́míìkì lórí tábìlì pálọ̀, ó sì béèrè bóyá ti àwọn ọmọ ni.

"Tèmi ni," ni ẹ̀gbọ́n mi fi dá a lóhùn. "Àwọn ọmọ ló máa ń yá a lọ́wọ́ mi."

Ọ̀dọ̀ Màmá wa ni ìfẹ́ yìí ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fúnra wọn kò ka kọ́míìkì kankan rí. Olùkọ́ ni wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Ìdógò. Lásìkò ìsinmi, wọ́n máa ń lọ sí Tube, ìlú kan lẹ́nu bodè, lọ ra àwo tánganran tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti òdìkejì bodè, wọ́n á sì tà á fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn. Kí àwo má baà fọ́, àwọn oníṣòwò náà máa ń fi bébà wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ewé kọ́míìkì Faransé àtijọ́ ló sì sábà máa ń jẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni Màmá máa ń ní kó tú àwọn àwo náà. A máa ń rọra tú u gan-an, àmọ́ kì í ṣe nítorí àwo.

Odidi ìwé kò tẹ̀ wá lọ́wọ́ rí. A á rí ọkùnrin kan tó ń sáré gun àkàbà, a ò ní rí ohun tó ń lé e. A á rí obìnrin kan tó ń sunkún lójú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, a ò ní mọ ẹni tó fi sílẹ̀. A ò gbọ́ Faransé nígbà náà, ojú àti ọwọ́ àwọn ènìyàn inú àwòrán la fi ń mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ẹ̀gbọ́n mi á sọ bí ìtàn náà ṣe máa parí, èmi á ní kò rí bẹ́ẹ̀, a á sì máa jiyàn títí Màmá á fi béèrè láti inú yàrá pé ṣé kì í ṣe pé àwo ti fọ́. Àwọn ojú ewé wọ̀nyẹn ló gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ kọ́ Faransé ní yunifásítì. Ní tèmi, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi ojú ewé mẹ́ta mọ irú ìwé tí ìwé kan máa jẹ́. Mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa, kò sí ìdí tí màá fi máa ṣe ìrẹ̀lẹ̀ tí kò dé inú.

Bí àwọn ìwé tuntun bá ti dé orí fóònù, n kì í pe ẹ̀gbọ́n mi, àwọn náà kì í pè mí. Kálukú á dá wò ó. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìpókíá, a á jókòó sẹ́yìn ilé wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì mú mẹ́ta tó yàn wá. Èyí tí àwa méjèèjì bá jọ mú, ọ̀rọ̀ ti parí lórí rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mú un, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ gbèjà rẹ̀ títí ẹnì kejì á fi gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a á fi í sílẹ̀.

Èmi kì í wo èèpo iwájú. Ilé ìtẹ̀wé lè gbé iṣẹ́ èèpo fún ọ̀gá nínú àwọn ayàwòrán, kí inú ìwé sì jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ọwọ́ ni mo máa ń wò. Ayàwòrán tó bá ń fi ọwọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pamọ́ sínú àpò tàbí sẹ́yìn, iṣẹ́ ló ń sá fún. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń wá àwòrán tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá ayàwòrán náà gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wò ní tiwọn. Bí bàbá àgbàlagbà inú ìwé bá ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀dọ́mọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, wọ́n á ti pa fóònù dé.

Ìwé tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fi hàn wá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan. Obìnrin kan tó ń gbé ní Àjàṣẹ́, lọ́hùn-ún ní òdìkejì bodè, ló kọ ọ́, òun náà ló sì ya àwòrán rẹ̀. Yorùbá àti Faransé ló fi kọ ọ́, bí àwọn ará ẹnu bodè ṣe ń dà wọ́n pọ̀ lẹ́nu. Ìtàn opó kan ni: ilé rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, oko ẹ̀gẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wà lápá kejì, ó sì ń kọjá bodè lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọkọ́ àti agbọ̀n. Nínú ojú ewé mẹ́ta tí a rí, opó náà dé ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè, ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, aṣọ́bodè yẹ̀ ẹ́ wò, opó náà tún gbé agbọ̀n rẹ̀ rù. Kò sí ohun mìíràn. Ojú ewé kejì kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ọwọ́ opó náà ló kún un látòkè délẹ̀, bó ṣe ń ká òṣùká tó fẹ́ fi ru ẹrù.

Òun ni mo kọ́kọ́ mú. Ẹ̀gbọ́n mi ò mú un rárá. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n gbà pé àwòrán náà dára, àmọ́ wọ́n ní aṣọ́bodè inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ìwé òfin, àti pé ojoojúmọ́ làwọn ń rí irú opó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, kò yẹ káwọn tún máa dúró dè é láti Èkó. Mo gbèjà ìwé náà débi tí mo lè gbèjà rẹ̀ dé. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan.

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ lójú ewé kẹrin?"

"N ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn."

Wọ́n ní ìdáhùn yẹn ò tó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rú òfin wa. Mo délé, mo sì sanwó dè é, ẹ̀dà méjì: ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún wọn.

Ó yẹ kí ìwé náà dé lóṣù Kẹjọ. Oṣù Kẹjọ kọjá, ilé ìtàwé ní ó ṣì wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé. Oṣù Kẹsàn-án náà kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi á pè mí nípa ọ̀rọ̀ mìíràn, tá a bá sọ ọ́ tán, wọ́n á béèrè bóyá opó mi ti rí bodè kọjá. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò mì. Ẹni tó ya ọwọ́ yẹn ti fara balẹ̀ wo ọwọ́ ènìyàn fún ìgbà pípẹ́, irú wọn kì í pa iṣẹ́ tì lágbedeméjì.

Ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ni ìwé náà dé. Mo gbà á ní gáréèjì Ìlaròó lọ́sàn-án, mo padà sí yàrá ìkàwé, mo sì kà á tán lórí ìdúró láàárín àwọn pẹpẹ ìwé. Lójú ewé kẹrin, aṣọ́bodè náà tẹ̀ lé opó lọ sóko láti mọ ohun tó ń gbé lọ gbé bọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ lòun náà. Ó rí bí ebè ṣe wọ́, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gba ọkọ́. Bí wọ́n ṣe di ìyá àti ọmọ nìyẹn, títí di ọjọ́ tí àṣẹ dé pé kí wọ́n ti bodè, tó sì jẹ́ pé òun ló gbọ́dọ̀ dá opó náà padà.

Ní Sátidé, mo gbé ẹ̀dà kejì sí iwájú ẹ̀gbọ́n mi, mo sì wọ ilé ìdáná lọ. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti kà á tán, wọ́n sì ti ṣí i padà síbẹ̀rẹ̀, bíírò pupa wà lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ máàkì í bí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó kùnà.

"Mo ṣì í," ni wọ́n wí. "Ẹnu bodè nìkan ni aṣọ́bodè yìí ti ń sọ̀rọ̀ bí ìwé òfin. Tó bá dóko, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Àmọ́ ayàwòrán yìí ba nǹkan kan jẹ́, wá wò ó."

Wọ́n fi hàn mí pé opó náà ń sọ "ẹ" fún aṣọ́bodè lójú ewé kan, ó ń sọ "o" lójú ewé mìíràn, ó sì tún padà sí "ẹ" láìnídìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní nítorí aṣọ ìjọba ni opó ṣe ń sọ "ẹ" fún ẹni tó lè bí. Àárín ìgbà tó bọ́ bàtà sí ìgbà tó gba ọkọ́ ni "ẹ" gbọ́dọ̀ di "o", kò sì gbọ́dọ̀ padà mọ́, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n ti bodè. Lọ́jọ́ yẹn, opó gbọ́dọ̀ tún sọ "ẹ" fún un, lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó lè dun aṣọ́bodè. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ yẹn, mo gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, mo sì tún ibẹ̀ kà. Ìwé tí mo gbèjà fún oṣù mẹ́jọ, n ò rí ìyẹn nínú rẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn ìwé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èsì dé. Ayàwòrán náà ní Faransé ni wọ́n fi kọ́ òun níwèé, ẹnu ìyá ìyá òun lòun ti gbọ́ Yorùbá, kò sì sí ẹni tó tíì ka iṣẹ́ òun báyìí. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n bá òun ka ìwé kejì kí ó tó dọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láàárín kíláàsì méjì láti sọ fún mi, ohùn wọn sì dà bíi ti ọmọ ogún ọdún. Inú mi dùn fún wọn. Ó tún dùn mí díẹ̀. Èmi ni mo rí ìwé yìí nígbà tí kò tíì sí, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n wá pè wọlé. N ò sọ ọ́ fún wọn, ó sì tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó kúrò lọ́kàn mi.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé kejì yìí dé lára àwọn tí ilé ìtàwé fi hàn wá. Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò ní fẹnu sí i, nítorí àwọn ti ka odindi rẹ̀, àwọn sì ti ṣèlérí pé àwọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ni màá pinnu. Mo ti wo ojú ewé mẹ́ta náà nílé, ọ̀nà méje ni mo sì ti gbà wò ó. Kò dára. Opó náà ń dá sọ̀rọ̀, ó ń ṣàlàyé ohun tí àwòrán ti sọ tán, ọwọ́ rẹ̀ kan sì wà nínú ìṣẹ́po ìró jálẹ̀. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀. Àánú wọn ṣe mí, mo wá béèrè bóyá kí n kúkú mú un nítorí tiwọn.

"Ohun tó o rí ni kó o sọ," ni wọ́n wí. "Tó o bá torí mi yàn án, kí la wá ń jókòó síbí ṣe láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá?"

Mo fi í sílẹ̀. A mú àwọn mẹ́ta mìíràn, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ nípa ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ayétòrò, tí àwa méjèèjì jọ mú láìsọ fún ara wa.

Nígbà tí ìwé kejì náà jáde, ayàwòrán fi ẹ̀dà méjì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó sì kọ ìdúpẹ́ sínú rẹ̀ fún "Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìpókíá". Wọ́n fún mi ní ọ̀kan. Ogún ojú ewé àkọ́kọ́ rí bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì sunkún níbi tí aṣọ́bodè ti ń wá opó kiri. Mo sọ méjèèjì fún ẹ̀gbọ́n mi, kò sí èyí tí mo fi pamọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá jẹ́wọ́ pé àwọn ti bẹ ayàwòrán náà títí pé kó gé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kúrò, ó kọ̀, àárín ibẹ̀ ni ilé ìtàwé sì ti lọ mú ojú ewé mẹ́ta wọn.

Wọ́n bi mí bóyá màá ti mú un ká ní mo mọ̀ bó ṣe máa rí. Mo ní ohun tí wọ́n fi hàn mí ni mo yẹ̀ wò, bí wọ́n bá tún fi ojú ewé yẹn hàn mí lọ́la, màá tún fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí n dìde ká lọ jẹun, oúnjẹ ti ń tutù.