Àǹtí Tí Ò Fẹ́ Ọba Nínú Ẹgbẹ́

Tí ẹ bá yin olórí kan níwájú àǹtí tí a jọ ń gbé ní Ongar, ládùúgbò kan ní Dublin, ìbéèrè kan ni wọ́n máa bi yín: “Tó bá yí padà ńkọ́?”

Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Amẹ́ríkà ní ilé-ìwé girama kan níbí, wọn kì í sì í fi bò pé ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ òfin ilẹ̀ yẹn ló ní ẹrú nílé. “Ìwà wọn ò dáa,” ni wọ́n máa ń wí, “àmọ́ wọ́n mọ bí a ṣe ń so agbára mọ́lẹ̀.”

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá lọ́dún tó kọjá, alága wa ní kí a yọ òfin tó ní kí alága kúrò lẹ́yìn ọdún méjì. Àwọn àgbà ti ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí Àǹtí dìde.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá wa. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà lé ọba lọ tán, wọn ò fi òmíràn jẹ. Wọ́n pín agbára ni: ẹni tó ń ṣòfin kọ́ ló ń ṣàkóso, ẹni tó ń ṣàkóso kọ́ ló ń dájọ́. Ṣé àwa wá fẹ́ fi ọba jẹ ní Dublin ni?”

“Jókòó!” ni alága pariwo. “Àbí o fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́?”

“Mi ò jókòó, sà. Ẹ jẹ́ ká dìbò.”

A dìbò. Alága fìdí rẹmi, ó ní òun ò ṣe alága mọ́, ó sì fi ìbínú jáde. Ni a bá ní kí Àǹtí gba ipò náà. Wọ́n wo gbogbo wa lójú.

“Mo gbà. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́ tí ẹ máa lé mi lọ.”