Ọgbọ̀n Ọjọ́ Ìbọn Wọnlẹ̀wọnlẹ̀

Ìyá Oníbéèrè ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ìbéèrè ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti lò níbẹ̀. Ogún ọdún àkọ́kọ́, ìwé ló ń tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan wọ ibùdó ọkọ̀ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó yìnbọn pa èèyàn mọ́kànlá tí kò mọ̀ rí. Ìjọba dárò, ìjọba ṣòfin.

Òfin náà kò ṣòroó yé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbọn yóò gbé e wá sí ọ́fíìsì ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ìbọn náà yóò wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, ẹnì kan láti ọ́fíìsì yóò lọ sílé onítọ̀hún, yóò bá ìyàwó rẹ̀ tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, yóò bi í bí nǹkan ṣe rí. Bí kò bá sí ìdíwọ́, ìbọn á padà sílé. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa lọ, àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì wo ara wọn lójú. Wọ́n ní obìnrin ló lè bá obìnrin sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e dìde nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìyẹn. Wọ́n fún un ní báàgì kan àti fọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè kan ló ṣe pàtàkì nínú fọ́ọ̀mù náà, òun ló sì wà lókè pátápátá. Ṣé àlàáfíà ni nínú ilé? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹni tó kọ ọ́ lè jẹ́ ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò rò ó dé ẹnu ọ̀nà onílé. Ta ni wọ́n bi ní àlàáfíà rí tó dáhùn pé rárá? Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó lọ́wọ́, bí wọ́n bá kí i, á kọ́kọ́ ní a dúpẹ́, kó tó ní kí wọ́n bá òun bu omi.

Ìyá Oníbéèrè kò mọ èyí nígbà náà. Ọdún mẹ́rin ló fi ń béèrè, ọdún mẹ́rin náà ló fi ń fàmì sí bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú àwọn ilé tó wọ̀ ni ti ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí ìbọn padà sílé, ọkùnrin yìí gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́, ó pa èèyàn mẹ́fà. Ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pe Ìyá Oníbéèrè. Wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n ní ó pé, wọ́n ní kò jẹ̀bi. Àìjẹ̀bi yẹn ló dùn ún jù. Ó wá ìyàwó ọkùnrin náà lọ, ọ́fíìsì kọ́ ló rán an. Ó bi í pé kí ló dé tó fi ní àlàáfíà ni lọ́jọ́ tí òun wá. Obìnrin náà wò ó, kò bínú.

"Ẹ kí mi ni, mà," ó ní. "Èmi náà sì dáhùn."

Ìyá Oníbéèrè kọ̀wé sí olú ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n yí ìbéèrè náà padà. Oṣù méje kọjá kí èsì tó dé. Wọ́n ní àwọn ti rí lẹ́tà rẹ̀.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń dùn ún. Ọkọ rẹ̀, tó wa bọ́ọ̀sì títí ó fi darúgbó, ti gbé àga méjì sí ẹ̀yìn ilé. Ó ní ọ̀kan ni ti òun, èkejì ń dúró de ọjọ́ tí ìjọba bá dá ìyàwó òun padà.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan ló gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì wá. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́, ó sì mọ àgbà kí. Ní ọjọ́ kejìlá, Ìyá Oníbéèrè lọ sílé rẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó fún un ní ìjókòó, ó yí fáànù sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wá jókòó tì wọ́n. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ fìdí lé etí àpótí. Òfin ní kí ọkọ jáde. Ṣùgbọ́n ẹnu wo lèèyàn máa fi sọ fún baálé ilé pé kó jáde ní pálọ̀ rẹ̀? Ilé kẹrin tí Ìyá Oníbéèrè wọ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó béèrè. Obìnrin náà wo bàtà ọkọ rẹ̀, ó ní àlàáfíà ni, a dúpẹ́. Ìyá Oníbéèrè fàmì sí bẹ́ẹ̀ ni, ó dìde.

Kó tó dé ibi tí yóò ti wọkọ̀ ló ti mọ̀ pé òun kò ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ padà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ilé mẹ́rìnlá wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Ó di ọgbọ̀n ọjọ́ géérégé kó tó ráyè. Ọjọ́bọ̀ ni. Aago méjì ọ̀sán ni wọnlẹ̀wọnlẹ̀ máa gba ìbọn rẹ̀.

Àárọ̀ ló lọ, nígbà tó mọ̀ pé ọkùnrin náà ti wà ní ilé ìwòsàn. Ó bá ìyàwó lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ. Kò mú fọ́ọ̀mù jáde. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó di etí kan mú lára aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó wà nínú omi, ìyàwó di etí kejì mú, wọ́n jọ ń fún un.

Obìnrin náà ní òun kò mọ̀ pé àwọn ará ọ́fíìsì mọ aṣọ fún.

"Ọkọ mi ni kò mọ̀ ọ́n fún," Ìyá Oníbéèrè ní. "Bó bá fún un, ńṣe laṣọ á máa sunkún lórí okùn dalẹ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n sá èyí tí wọ́n fún tán, wọ́n mú òmíràn. Ìyá Oníbéèrè wo okùn. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé méjìlá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti ń já ní gìgísẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló wà nínú ilé náà, ilé ìwé sì ti wà ní ìsinmi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó béèrè ohun tí àwọn ọmọ ń fi ìbọ̀sẹ̀ ṣe.

Obìnrin náà tún di etí aṣọ mú dáadáa.

"Wọ́n ń wọ̀ ọ́ sùn ni. Òun àti bàtà."

"Ta ló ní kí wọ́n máa wọ bàtà sùn?"

"Èmi ni. Bí mo bá ní kí wọ́n sá, kò ní sáyè à ń wá bàtà. Òkúta pọ̀ lẹ́yìn ibí yìí."

Wọ́n fún aṣọ náà tán. Nígbà náà ni ìyókù jáde, díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń kán láti inú aṣọ. Ẹ̀gbọ́n obìnrin yìí wà ní ìlú kejì, ó ti gbà láti gba òun àtàwọn ọmọ sílé, ṣùgbọ́n yàrá tó fẹ́ fún wọn kò ní ṣófo kó tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ọkùnrin náà sì ti fura. Ó ti sọ ọ́ sí i létí, kò pariwo, pé ibi tó bá sá lọ, òun á bá gbogbo wọn níbẹ̀, àti ẹni tó sá wá àti ẹni tó gbà á sílé, òun kò ní ka iye wọn. Obìnrin náà ní láti ìgbà tí ìbọn ti wà ní ọ́fíìsì ni òun ti ń sùn.

Ìyá Oníbéèrè bi í bóyá ó lè fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n má dá ìbọn padà. Ó mi orí. Ó ní bí ọkọ òun bá rí orúkọ òun níbẹ̀, ọwọ́ lásán ti tó o láti fi pa òun. Kí wọ́n ṣáà bá òun wá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Aago méjìlá ku díẹ̀ nígbà tí Ìyá Oníbéèrè dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ń pe ọ̀gá wọn, nítorí pé ọjọ́ orí rẹ̀ àti ti àkọ́bí Ìyá Oníbéèrè kò jìnnà síra. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ṣí ìwé òfin. Ará ilé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, tàbí kí òṣìṣẹ́ kọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí.

"Kí lẹ rí, mà?"

"Ìbọ̀sẹ̀."

Ọ̀gá Kékeré gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí màmá foríjì òun, ṣùgbọ́n kò sí ìgbìmọ̀ láyé yìí tó máa gba ìbọn lọ́wọ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ nítorí ìbọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ síwèé, ọkùnrin náà á rí i, á mọ ẹni tó ń fọ ìbọ̀sẹ̀ nílé òun.

Òótọ́ ni. Ìyá Oníbéèrè jókòó, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ó béèrè pé bí òṣìṣẹ́ kò bá béèrè ọ̀rọ̀ bí òfin ṣe wí, kí ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀gá Kékeré ní ìwádìí náà bà jẹ́ nìyẹn, wọ́n á fagi lé e, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn, ìbọn ò ní kúrò nílẹ̀.

"Nígbà tí mo lọ lọ́jọ́ kejìlá, ọkọ rẹ̀ jókòó tì wá," ó ní. "Mi ò ní kó jáde."

Ọ̀gá Kékeré wò ó. Ó ní bó bá kọ ìyẹn, ẹ̀bi iṣẹ́ ni, ó máa lọ síwájú ìgbìmọ̀, wọn kò sì ní fọwọ́ sí ìwé ìfẹ̀yìntì ẹni tí ẹjọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ kì í yára. Ó ní oṣù mẹ́rin péré ló kù, mà.

"Mo mọ iye tó kù. Ilé mi ni wọ́n ti ń kà á."

Ó fa bébà sọ́dọ̀. Ìlà márùn-ún ló kọ. Ó kọ ọjọ́ tó lọ, ó kọ pé ọkọ wà níjòókòó, ó kọ pé òun kò tẹ̀ lé òfin, ó sì fọwọ́ sí i. Kò dárúkọ ìyàwó.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ dé ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó kí wọn, wọ́n kí i. Ọ̀gá Kékeré fẹ́ sọ ọ́, Ìyá Oníbéèrè ní kó jẹ́ kí òun sọ ọ́ fúnra òun. Ó sọ fún ọkùnrin náà pé òun ṣe àṣìṣe lórí ìwé rẹ̀, wọ́n máa tún ìwádìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kó padà wá ní ọgbọ̀n ọjọ́ sí i. Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó béèrè ẹni tó wá sílé òun láàárọ̀ yìí. Aládùúgbò ti rí i.

"Èmi ni," ó ní. "Mo ní kí n wá bá yín kí ẹ tó wá, kẹ́ ẹ má baà rin ìrìn òfo. Mi ò bá yín nílé."

Ọkùnrin náà wo irun funfun rẹ̀. Ó ní ó ṣe òun láàánú pé èèyàn lè dàgbà tó báyìí nídìí iṣẹ́ kó má mọ̀ ọ́n ṣe.

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, sà. Ẹ má bínú."

Ọkùnrin náà gbé fìlà rẹ̀, ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé jẹ́ẹ́jẹ́.

Ní ọjọ́ kejìlélógún lẹ́yìn náà, nígbà tí ọkọ wà ní ilé ìwòsàn, obìnrin náà kó àwọn ọmọ lọ. Láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti fi ìwé ránṣẹ́, ó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ pé kí wọ́n má dá ìbọn padà. Wọn kò dá a padà.

Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ẹ̀sùn Ìyá Oníbéèrè ní ìgbà mẹ́ta. Wọ́n ní ó jẹ̀bi. Oṣù mẹ́rìnlá ni ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fi pẹ́. Ilé mọ́kànlélọ́gọ́ta ló tún wọ̀ nínú oṣù mẹ́rìnlá náà, méjìlá nínú wọn ní àtẹ̀gùn. Bó bá ti jókòó ní pálọ̀ báyìí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé kí baálé ilé jọ̀wọ́ bọ́ síta. Ojú rẹ̀ máa ń wo ilẹ̀ bó bá ń sọ ọ́, ó sì máa ń sọ ọ́.