Táyà Òtútù Tí Ẹ̀gbọ́n Bá Mi Dè

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ ìyá mi, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Òun ló wá pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé London. Oṣù méje ni mo fi sùn ní pálọ̀ òun àti ìyàwó rẹ̀ ní Thamesmead kí n tó rí yàrá tèmi. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà la jọ ń lọ. Iṣẹ́ fọkanáísà ló ń ṣe, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Belvedere, lápá ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ wà létí odò.

Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Mọ́tò àlòkù kan tó ń lo iná mànàmáná dípò epo ni mò ń wà kiri, nígbà tí irú rẹ̀ ò tíì pọ̀ ládùúgbò wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín dì sílẹ̀, mò ń gun òkè lọ sí àdúgbò Barnfield, sọ́dọ̀ Màmá kan tí mo máa ń fún lóúnjẹ àti oògùn. Mọ́tò dé ìdajì òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn. Mo fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo fẹsẹ̀ rìn. Kí n tó débẹ̀, Màmá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà tòun ti aṣọ oorun, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó rò pé mi ò wá mọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé kí òtútù míì tó dé, mo máa ní táyà òtútù.

Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní London kọ́ ni Canada. Mo jókòó ti fóònù mi ní kíṣíìnì, mò ń kà. Mo kà á pé táyà lásán máa ń le gbagidi tí òtútù bá mú, pé ti ìgbà òtútù máa ń rọ̀, àti pé wọ́n máa ń ya àwòrán òkè àti yìnyín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kà á pé mọ́tò oníná wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí bátìrì tó wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe gbogbo táyà ló lè gbé e. Ríìmù onírin ni mo yàn, kì í ṣe èyí tó ń dán, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì láti fi yọ́ yìnyín máa ń jẹ ẹ́. Mo tún yan táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, kó má baà máa jẹ iná bátìrì jù. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo mú un lọ fún Ẹ̀gbọ́n.

Ó kà á lójú mi. Ó ní, "Àbúrò mi ti di ẹnjiníà." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fi sílẹ̀ fún mi. Ta ló tún máa ṣe é fún ẹ bíi tèmi?"

Ní oṣù November ó pè mí, ó ní táyà tí mo kọ ti dé, ó bá mi dè wọ́n. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú, wọ́n ń dán. Mi ò wo ẹ̀gbẹ́ ìkankan. Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó fún mi níbi tí mo sùn sí wò? Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo wakọ̀ lọ.

Ìgbà tó di ìparí February ni yìnyín tòótọ́ bọ́. Mo gun Barnfield lọ, mo fún Màmá lóúnjẹ, mo ń sọ̀ kalẹ̀ padà. Obìnrin kan tó ń fa báàgì ọjà bọ́ sí títì níwájú mi. Mo tẹ bíréèkì. Mọ́tò ò gbọ́. Ó ń yọ̀ lọ bí ọṣẹ, ó gba ẹ̀gbẹ́ obìnrin náà kọjá, kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ, ó sì lọ kọlu àwọn ike ìdọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Obìnrin náà kàn dúró, ó ń wò mí. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Mo rọra wa mọ́tò náà dé ọ̀dọ̀ òyìnbó kan tó ń ta táyà nítòsí Woolwich, ẹni tí mi ò rí rí. Ó lóṣòó, ó fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó bi mí pé ta ló tà á fún mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó wá fi nọ́ńbà mẹ́rin kan hàn mí: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kù ni ọdún. Táyà mi ti pé ọdún mọ́kànlá. Méjì ní àmì òkè, méjì ò ní. Nọ́ńbà ìwúwo tí wọ́n lè gbé ò tó ti mọ́tò mi. Ó ní epo ni wọ́n fi nù wọ́n tí wọ́n fi ń dán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Belvedere. Ẹ̀gbọ́n ń jẹun. Ó ní, "Àbúrò mi, wọlé, òtútù ń mú." Mo na fóònù sí i, fọ́tò táyà wà lójú rẹ̀.

"Ẹ bá mi ka nọ́ńbà yìí."

Ó wò ó. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ mọ̀, àbí?"

"Èyí tó o kọ sílẹ̀ dé," ló wí. "Mo rà á. Ṣùgbọ́n kọ́sítọ́mà kan yọjú, irú mọ́tò tìẹ ló ní, ó ń kánjú lọ sí Scotland, mo bá gbé e fún un. Mo ní ìwọ, ará ilé ni ẹ́. Ará ilé á ní sùúrù."

"Ẹ ò ní kí n ní sùúrù. Ẹ ní èyí tí mo kọ nìyẹn."

"London kì í sábà rí sínóò. Mo rò pé wàá lò ó di summer, màá wá rọra pààrọ̀ ẹ̀."

"Díẹ̀ ló kù kí n pa èèyàn lánàá."

"Ọlọ́run ò ní gbà á."

"Ọlọ́run kọ́ ló de táyà yẹn, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ní kí n gbé mọ́tò wá ní Monday. Mo ní rárá. Inú bọ́ọ̀sì ni omi ti bọ́ lójú mi. Kì í ṣe torí táyà. Àjèjì tó kàn yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni kò lè purọ́ fún, èmi ará ilé ló lè purọ́ fún.

Gbogbo ọjọ́ tí yìnyín fi wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Powis Street nísàlẹ̀, gun òkè lọ sọ́dọ̀ Màmá. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n pè mí nínú ọ̀sẹ̀ náà, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Jọ̀ọ́, àbúrò, láti November ló ti ń dà á láàmú. Mo ní kó sọ fún ẹ." Ó wá yé mi pé òun náà mọ̀, ní gbogbo Sunday tá a fi jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tó ń bi mí pé ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

Ọ̀dọ̀ òyìnbó tó wà nítòsí Woolwich yẹn ni mo ti ra táyà òmíràn. Mo dúró tì í, mo ka ẹ̀gbẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan kó tó dè é.

Àwọn àgbà ìjọ bá wa parí ọ̀rọ̀. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bímọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo lọ síbi ìkómọ, mo bá wọn fọ abọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ilẹ̀ ti ń ṣú, pé kí n sùn síbẹ̀. Mo ní mo ní iṣẹ́ láàárọ̀. Mi ò ní iṣẹ́ kankan.