Súwíìṣì Tí Wọ́n Ní N Má Fọwọ́ Kàn

Àwọn èèyàn tí àbúrò mi obìnrin kò fojú kàn rí ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọ̀kan wà ní Íńdíà, ọ̀kan wà ní Jámánì, wọ́n jọ ń ṣe áàpù tí àwa ọlọ́jà fi ń mọ iye ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá wù ú lè ṣí inú ẹ̀ wò, kó tún ibi tí kò dáa ṣe, kó sì dá a padà fún gbogbo ayé. Mo bi í pé ta ló ń sanwó fún un. Ó ní kò sí. Mo ní ṣé torí ẹ̀ la ṣe rán an lọ sí yunifásítì.

Èmi, ike ni mò ń tà lẹ́yìn Ṣàngó Toll Gate: abọ́, korobá, agbọ̀n, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ Ọ̀tà bá ti ṣe jáde. Ó fi áàpù náà sórí fóònù mi, ó wá fi súwíìṣì kan hàn mí nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ti pa á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tan eléyìí o. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, kò tíì parí. Tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò abọ́, á bá yín kà á, àmọ́ ó ṣì máa ń ṣì í kà."

"Tí kò bá tíì parí, kí ló ń wá lórí fóònù mi?"

"Ká lè máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ láì da ìyókù rú ni. Àwa tá à ń ṣe é nìkan là ń tàn án."

Ẹni tó ní kí n má tan nǹkan, tó tún wá fi ibi tí wọ́n ti ń tàn án hàn mí, òun ló fà á. Kó tó dé ibùdókọ̀, mo ti tàn án.

Mo ya fọ́tò abọ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Fóònù ní ogún dọ́sìn. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà mi kan ní Ìjù pè pé òun fẹ́ dọ́sìn méjìdínlógún. Mo ní kó máa bọ̀. N ò tiẹ̀ dìde lórí àga.

Ó gba kẹ̀kẹ́ wá. A sọ gbogbo ẹ̀ kalẹ̀, a kà á, dọ́sìn mẹ́rìnlá. A tún un kà. Ó wò mí.

"Ìyá oníke, ṣé ẹsẹ̀ làwọn tó kù ń fi rìn bọ̀ ni?"

"Fóònù ló sọ fún mi."

"Ẹ ní kí fóònù gbé wọn jáde."

Mo pe àbúrò mi pẹ̀lú ìbínú. Nígbà tó dé, n ò lè bínú mọ́, torí ojú ẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń sọ pé nǹkan òun ti pẹ́ jù lẹ́yìn súwíìṣì láìparí. Tó bá di Jímọ̀, wọ́n máa pinnu bóyá káwọn gé e sọnù. Ọdún méjì ló ti fi ṣe é.

"Dákẹ́ nígbà náà," mo ní. "Ta ló máa ti Ṣàngó lọ sọ ọ́ fún wọn ní Jámánì?"

"Èmi ni. Ó ti parọ́ fún yín."

Ó wo fọ́tò náà títí. Abọ́ mọ́kànlá la máa ń kì bọ ara wọn ní ìtò kan, a ó wá dojú ìkejìlá dé sórí ẹ̀ láti fi hàn pé dọ́sìn pé. Òun náà mọ̀ ọ́n láti ṣọ́ọ̀bù ìyá wa, ohun tó sì kọ́ ẹ̀rọ náà nìyẹn: ìtò tí abọ́ bá ti dé lórí, dọ́sìn kan ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tẹ́ ẹ bá ta mẹ́rin nínú dọ́sìn, ṣé ẹ kì í ṣí ti òkè ni?"

"Kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé ọjà mi ti ń tán?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Àwọn oníbàárà ni mò ń tàn. N ò mọ̀ pé mo ti tan fóònù mọ́ wọn, tí fóònù náà sì padà wá tàn mí.

Ó kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ní àwọn ò gé e mọ́, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan máa sọ ibi tó ti ń ṣìnà gan-an. Wọ́n ní kí súwíìṣì ẹ̀ ṣì wà ní pípa títí tí ẹ̀rọ náà á fi kọ́ láti máa sọ pé kí wọ́n ṣí abọ́ òkè. Kí wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ sẹ́nu súwíìṣì náà. Èmi ni wọ́n ní kó sọ ọ́.

Mo ní kí ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀rọ yìí ṣì ń kọ́ṣẹ́. Fọwọ́ ara ẹ kà á kó o tó ní kí oníbàárà máa bọ̀. Má ṣe bíi tèmi."

Ará Jámánì ní kí wọ́n yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn. Mo ní tí wọ́n bá yọ ọ́, kí wọ́n yọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀.