Abọ́ Ìṣínu Ẹ̀gbọ́n Mi

Nínú agbo ilé wa ní àdúgbò Gàmbàrí, a kì í ṣe fídáù, àdúà òkú, fún ẹni tí a kò bá rí òkú rẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi ló fi òfin náà lélẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sí Mẹ́kà láyé ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú kò tíì kárí. Ó gba ilẹ̀ Haúsá kọjá, ó gba Sùdáànì, ó sì pẹ́ lọ́nà débi pé àwọn èèyàn mú ìròyìn wálé pé ó ti kú. Àwọn ààfáà ṣe fídáù. Ìyàwó rẹ̀ ṣopó tán, àbúrò rẹ̀ sì ṣú u lópó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni bàbá yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búútà àlùwàlá lọ́wọ́, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó pọn ọmọ àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ní kò bínú, kò pariwo. Ó kàn sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe irú rẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí.

Ìyá mi gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu bàbá fúnra rẹ̀ nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, ó sì dì í mú ju àwa tí wọ́n bí sínú ilé náà lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń tún rédíò ṣe ní Ọjà Tuntun. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Àdúgbò Ṣàngó ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé, ọmọ tíṣà ni, Ọ̀mù-Àrán ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Bí wọ́n bá tún rédíò kan ṣe tán, wọ́n á máa yí i káàkiri láti mọ̀ bóyá ó ti ń gbé ohùn dáadáa. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ sí wọn létí, ní èdè tí wọn kò gbọ́. Nígbà tí nǹkan wá le, tí ẹni tí rédíò rẹ̀ bàjẹ́ kàn ń gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ dá. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Sípéènì. Wọn yóò gba Kánò, wọn yóò la aṣálẹ̀ kọjá dé ilẹ̀ Lárúbáwá, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi yóò ti gbé wọn sọdá.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì pé ọdún kan tó gbéyàwó nígbà náà. Ẹgbẹ́ mi ni ìyàwó rẹ̀, a jọ ń ṣeré ni. Ọkọ mi ló ń pè mí, bí àwọn ìyàwó ilé ti ń ṣe, èmi náà á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ tí kò lówó lọ́wọ́ nìyí.

Kánò àti aṣálẹ̀ kò ba ìyá mi lẹ́rù rárá. Ọ̀nà bàbá wa ni. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Òkun tẹ́ ẹ̀ ń wí yìí, ṣé ó ju Odò Aṣà ìlú wa yìí lọ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ó fi díẹ̀ jù ú ni, Ìyá. Wọ́n ní èèyàn ń rí òdìkejì."

Ìyá mi fi gàrí, kúlíkúlí àti búútà tuntun sínú báàgì rẹ̀. Wọ́n lọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, oníṣòwò obì kan mú iṣẹ́ wá pé wọ́n ti dé etí òkun. Ìyá mi dín màsà, ó pín in káàkiri àdúgbò bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ti gúnlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ mo jẹ màsà náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi àhesọ tó wá láti Kánò pé ọkọ̀ kan tó kó àwọn ọ̀dọ́ ti dojú dé. Àwọn ààfáà wá bá ìyá mi. Wọ́n ṣàlàyé pé ìyàwó ẹni tó sọnù yóò dúró fún ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn náà yóò ṣopó, ó sì lè fẹ́ ẹlòmíràn.

"Ìyàwó bàbá wa tó ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yìí ńkọ́?" ni ìyá mi dá wọn lóhùn. "Ṣebí ojú tì í títí ó fi kú?"

Ọdún mẹ́rin pé, ó kọjá. Àwọn ará ilé ìyàwó wa wá mú un. Ó ní bí Ìyá kò bá tíì sọ pé ọkọ òun kú, òun kò ní jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ìyá mi kò gbà. Bí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá ti dé, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni yóò bu oúnjẹ ìṣínu ẹ̀gbọ́n mi sínú abọ́ rẹ̀, yóò gbé e sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì pe orúkọ rẹ̀ pé kó wá ṣínu. Ẹnì kankan nínú wa kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn àlímájìrí ló ń jẹ ẹ́. Ìyàwó wa sì ń wò ó lọ́dọọdún, ó ń gbó sínú ilé ẹni tí kò sí. Inú bí mi sí ìyá mi. Inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi jù ú lọ.

Nínú ààwẹ̀ ọdún kan ni mo rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ọjà Tuntun. Ó ti gbẹ. Bó ṣe rí mi ló yà sí kọ̀rọ̀, mo sáré tẹ̀ lé e, mo fa ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ìgbà wo lo dé?"

"Ó ti pẹ́. Wọ́n dá mi padà ni."

"O sì wà ní Ṣàngó, o ò lè yà sí Gàmbàrí?"

"Mo wá. Ìrọ̀lẹ́ ni, nínú ààwẹ̀ èṣí. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tí Ìyá ń pè é wá jẹun." Ó bú sẹ́kún láàárín ọjà. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọlé?"

Mi ò fi í sílẹ̀. Mo mú un lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ó jókòó sórí ẹní níwájú ìyá mi, kò lè gbójú sókè. Ìyàwó wa ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ṣé ojú ara rẹ lo fi rí i?" ni ìyá mi bi í.

"Ojú ara mi ni, Ìyá. A ti ń rí iná ìlú wọn lọ́ọ̀ọ́kán kí ọkọ̀ tó dojú dé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi gbà á lọ́wọ́ mi."

"Kò tún yọrí?"

"Kò yọrí mọ́, Ìyá."

"O ò sì rí òkú rẹ̀."

"Mi ò rí i."

Ìyàwó wa dáwọ́ ẹ̀wà dúró. Mo rò pé ó parí náà nìyẹn, pé a ó tún padà sí ìdí abọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò tíì béèrè tán.

"Omi yẹn, ṣé ó ju Odò Aṣà lọ?"

Ọkùnrin náà wò ó, bí ẹni pé kò gbọ́ ohun tó wí. "Ìyá, Odò Aṣà kọ́. Kò sí ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú rẹ̀."

Ìyá mi ń fọwọ́ tún etí ẹní ṣe.

"Bàbá wa, ilẹ̀ ló rìn, ìyẹn ló fi lè padà wálé," ló wí. Ó yíjú sí ìyàwó wa. "Ìyàwó mi, má bínú. Jókòó ṣopó ọkọ rẹ." Ó wá wò mí. "Lọ bá mi pe àwọn ààfáà."

Nígbà tí wọ́n pe ìrun mágáríbì, ọwọ́ ìyá mi tún bu oúnjẹ sínú abọ́ náà. Ó ti bù ú tán kó tó rántí. Ó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ìyàwó wa dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán. Omijé ń bọ́ sínú oúnjẹ náà, kò dúró nù ún.