Mo Lọ Mú Fọlákẹ́ Bọ̀ ní Táíwàn

Awakọ̀ tó fẹ́ gbé wa lọ sí Èkó fẹ́ kí a gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ní rárá. Láti ìgbà tí mo ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé, n kì í jáde nílé àfi tí mo bá lè rí ojú ẹni tó dúró níwájú mi kedere. Ó fọn fèrè, ó ráhùn, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ dá gbogbo wa dúró." Mo jókòó sórí àpótí mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìsìkàn, mo ń wo òpópónà títí oòrùn fi yọ. Nígbà náà ni mo tó wọ ọkọ̀.

Mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kó gba Iléṣà àti Ìbàdàn, kó má gba Oǹdó. Àwọn èrò yòókù kùn, torí ọ̀nà Oǹdó ló yá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n ti mú wa, èmi àti àwọn tí a jọ wọkọ̀. Wọ́n ní kí a dojú bolẹ̀ nínú igbó, a sì dojú bolẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn kan nínú wa kò padà wálé, ẹbí wọn sì lè ka ìwé yìí. Láti ìgbà náà, n kò gba ọ̀nà yẹn mọ́, bẹ́ẹ̀ ìyá mi ń gbé ní ìlú Oǹdó. Òun ló máa ń wá wò mí ní Àkúrẹ́, títí orúnkún fi dá a jókòó.

Ìyá mi ló rán mi ní iṣẹ́ tí mo ń jẹ́ yìí. Ó gbọ́ lórí rédíò pé ọkọ̀ ogun ti yí erékùṣù Táíwàn ká, níbi tí Fọlákẹ́ ọmọ mi ti kàwé tó sì ti rí iṣẹ́. Ó pè mí lórí fóònù. "Ìwọ lo bí i," ó ní. "Lọ mú un wá. Mo ti sunkún ọmọ kan tó wà nínú igbó. N kò ní sunkún òmíràn tó wà láàárín òkun."

Ní Arákálẹ̀, níbi tí mo ti ń ta abẹ́rẹ́ àti bọ́bìnnì ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Alájì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Táíwàn kẹ̀? Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ lọ di ayédèrú ni?" Ẹ rántí pé nígbà tí a wà lọ́mọdé, ohunkóhun tí kò bá pẹ́ bàjẹ́, Táíwàn la ń pè é. Títí di òní, oníbàárà mi a máa bi mí pé, "Orígínà ni, àbí Táíwàn?" Mo ní kí Alájì bá mi mójú tó ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ẹ máa lọ re, ẹ sì bọ̀ re. Ẹ kí Ṣáínà." Mo ní kì í ṣe Ṣáínà. Ó ní, "Kí wá ni ìyàtọ̀?" Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́.

Kódà ìwé ìwọ̀lú fi hàn mí pé ọ̀rọ̀ náà ní kọ́lọ́fín nínú. Ìjọba wa kò ka Táíwàn sí orílẹ̀-èdè, torí náà kò sí ilé aṣojú wọn ní Nàìjíríà. Ọ́fíìsì òwò kan ni wọ́n ní ní Èkó, ibẹ̀ ni mo sì ti gba ìwé. A bà ní Dùbáì, a tún gbéra. Mo lajú sílẹ̀ láti Èkó dé Táíwàn. Mo ti ka ẹnu ọ̀nà tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú náà kí obìnrin tó jókòó tì mí tó so bẹ́líìtì rẹ̀.

Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ kí mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò wá. Mo sáré fà á dìde, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wò wá.

Mo sọ pé kó di ẹrù rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ́kọ́ jẹun.

Ìlú tó ń gbé, Táípè, mọ́ tónítóní. Ọ̀kadà ibẹ̀ pọ̀ ju ti Àkúrẹ́ lọ, ṣùgbọ́n iná pupa dá gbogbo wọn dúró, kò sí ẹni tó já a, bí kò tilẹ̀ sí ọlọ́pàá nítòsí. Nínú ọkọ̀ ojú irin, kò sí ẹni tó ń pariwo lórí fóònù. Ìdákẹ́jẹ́ náà já mi láyà. Mo ń wo ọwọ́ gbogbo èèyàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ orin dídùn kan ní àdúgbò, mo rò pé oní-áísìkìrìmù ló ń kọjá, àfi bí gbogbo ilé ṣe sáré jáde pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́. Ọkọ̀ akólẹ̀ ni! Orin ló fi ń pè wọ́n. Wọ́n tún ní oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní ṣòu dòfu, ìyẹn wàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, tí wọ́n wá jẹ́ kó kan. Òórùn rẹ̀ ju ti fùfú tí a kò fọ̀ lọ. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

Orí ilé oúnjẹ kékeré kan ni yàrá Fọlákẹ́ wà. Màmá Lín ló ń ta ọbẹ̀ ẹran màlúù àti nọ́dù tó gùn bí okùn níbẹ̀. Àwo kan tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méje náírà, ẹran inú rẹ̀ sì pọ̀. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Lín, ló ni ilé náà. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ìdí tábìlì ló máa ń jókòó sí, tí á máa jẹ ẹ̀pà.

Ó ní kí Fọlákẹ́ bi mí ní ìlú tí mo ti wá. Mo ní Àkúrẹ́.

"Bàámi!" ni Fọlákẹ́ kígbe. "Ẹ̀yin lẹ ní Àkúrẹ́? Ní ulé, bí ẹnikẹ́ni bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ máa ń jà pé Ìsìkàn ni."

Ó sọ ọ́ fún Bàbá Lín, bàbá náà sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi pá a lórí. Òótọ́ ni. A kì í fẹ́ kí àlejò pe Ìsìkàn, ìlú wa tó ní ọba tirẹ̀, ní àdúgbò Àkúrẹ́ lásán. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, mo ní ẹbí níhìn-ín lọ́hùn-ún, n kò sì ní bá a jìnnà.

Bàbá Lín wá sọ tiwọn. Ṣáínà, orílẹ̀-èdè ńlá tó wà lódìkejì òkun, ní tòun ni erékùṣù náà láti ayébáyé, pé yóò padà sábẹ́ òun, bó bá gba ogun. Àwọn ará erékùṣù ń dìbò yan ààrẹ tiwọn, wọ́n ní owó tiwọn, ṣọ́jà tiwọn, ìwé ìrìnnà tiwọn. Síbẹ̀, ìwọ̀nba orílẹ̀-èdè díẹ̀ ló gbà pé wọ́n dá dúró. Bàbá Lín fẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀ gbangba. Ìyàwó rẹ̀ láti ìdí iná ní kó panu mọ́, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí òun lè máa ta ọbẹ̀ òun. Wọ́n bá ara wọn fà á díẹ̀. Fọlákẹ́ ní ojoojúmọ́ ni.

Mo rò pé mo ní ìmọ̀ràn. Mo ní, "Sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Kí àbúrò lọ dọ̀bálẹ̀, kó bẹ̀ ẹ́, ìjà á parí."

"Bàámi, n kò ní túmọ̀ ìyẹn."

"Túmọ̀ rẹ̀."

Fọlákẹ́ kò mọ ọ̀rọ̀ fún ìdọ̀bálẹ̀ lédè wọn, nítorí náà mo na gbogbo ara mi sílẹ̀ níwájú tábìlì, mo fi hàn án. Mo ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde títí àgbà yóò fi ní kó dìde. Bàbá Lín dáwọ́ ẹ̀pà dúró. Ó sọ̀rọ̀. Fọlákẹ́ túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní bí òun bá dọ̀bálẹ̀, ta ni yóò ní kí òun dìde?"

Mo padà sórí àga mi. Nínú igbó, kò sẹ́ni tó ní kí a dìde. N kò lè jẹ ọbẹ̀ tó wà níwájú mi tán.

Lẹ́yìn náà, mo gbìyànjú láti bá Fọlákẹ́ sọ̀rọ̀ ẹrù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń yẹ̀ ẹ́. Mo sùn díẹ̀díẹ̀, mo máa ń dìde lọ wo kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, a ń jẹun nísàlẹ̀. Gbogbo fóònù tó wà nínú ilé dún lẹ́ẹ̀kan náà, fèrè ìkìlọ̀ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké lójú ọ̀run, ó ń gòkè, ó ń sọ̀. Ọkọ̀ dúró lójú títì. Wọ́n fa ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù wálẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo kúrò lórí àga. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo dojú bolẹ̀, mo fi ọwọ́ lé ẹ̀yìn orí, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nínú igbó.

Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Màmá Lín ni. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ kejì.

"Ó ní ìdánrawò lásán ni," ni Fọlákẹ́ wí. "Wọ́n máa ń ṣe é. Ó ní kí ẹ dìde, pé ilẹ̀ yẹn dọ̀tí, òun kò tíì gbá a."

Mo dìde. Màmá Lín fi aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ nu iwájú ẹ̀wù mi, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Bàbá Lín ti àwo ẹ̀pà sí iwájú mi. Nígbà tí fèrè dákẹ́, wọ́n ká ilẹ̀kùn sókè, ẹni tó ń jẹun sì ń jẹun lọ.

Fọlákẹ́ kò yẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ní, "Bàámi, bí ogun bá dé, mo mọ ibi tí màá sá sí. Wọ́n ti kọ́ mi. Ní ulé ńkọ́? Ta ló kọ́ yín ní ibi tí ẹ máa sá sí lójú ọ̀nà Oǹdó?"

"Ṣé ẹ̀rù kò bà ọ́ ni?"

"Ó ń bà mí. Ó ń ba Màmá Lín náà, ó sì ń se ọbẹ̀ rẹ̀. N kò ní bá yín lọ, Bàámi. Ẹ má bínú."

Ó kúnlẹ̀ láàárín ilé oúnjẹ, níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo fọwọ́ kàn án léjìká.

"Dìde," mo ní.

Iléṣà náà ni mo gbà padà sí Àkúrẹ́. Mo pe ìyá mi, mo ní mo ti dé. Ó ní, "Gbé fóònù fún Fọlákẹ́." Mo ní kò sí lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Bí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ, wá sọ ọ́ lójú mi," ó sì pa fóònù.

Ní gáréèjì, mo bi awakọ̀ tó ń lọ sí Oǹdó bóyá ọ̀nà dáa. Ó ní, "Ó dáa lónìí, Bàbá. Tọ̀la ni n kò mọ̀. Ẹ wọlé, ó ku ẹnì kan." Mo wọlé, mo sì tún sọ̀ kalẹ̀. Ó wò mí. Mo tún wọlé. Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí sùn sí mi léjìká kí a tó jáde ní Àkúrẹ́. Nígbà tí a sún mọ́ ibi tí wọ́n ti mú wa, ó ń ṣe mí bíi kí n jí i. N kò jí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Koríko ni, àti obìnrin kan tó ń sá ègé gbágùúdá sétí títì, tí kò tilẹ̀ gbójú sókè wo ọkọ̀ wa.

Ìyá mi jókòó sí iwájú ilé bàbá rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn mi, bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo na gbogbo ara mi sórí sìmẹ́ńtì.

"Màmi, ó ní òun á dúró síbẹ̀."

Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo wà nílẹ̀, n kò gbójú sókè.

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, Màmi. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀."

Ọ̀kadà kan kọjá, àwọn ọmọ iléèwé kọjá.

"Ọ̀nà wo lo gbà wá?"

"Ọ̀nà yẹn náà ni, Màmi."

Mo gbọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ti dìde fúnra rẹ̀, tòun ti orúnkún, ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ó fi ọwọ́ kàn mí lórí.

"Dìde," ó ní. "Ilẹ̀ yẹn tutù."