Ẹ Pa Á

Ojú mi òsì kò ríran mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ṣe é, mo máa ń dá a lóhùn pé ọgbà ìṣeré ni mo lọ. Wọ́n á rò pé mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni. N kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ọgbà ìṣeré ni mo lọ lóòótọ́, lọ́jọ́ kejì ọdún Àjíǹde, lọ́sàn-án gangan, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń lá áísìkirímù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí pa.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ọgbà náà. “Ẹ” ni mo máa ń fi pè é látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mò ń kọ yìí, “ó” ni màá máa lò fún un. Bí mo bá ní “wọ́n”, ẹ ò ní mọ̀ bóyá òun ni mò ń sọ tàbí àwọn tó lù mí, ọ̀rọ̀ náà sì ti lọ́jú pọ̀ tó láìsí ìyẹn.

Èkìtì làwọn òbí wa ti wá, Agbowó ni wọ́n ti tọ́ wa. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama kan ní Bódìjà. Òun ta gbogbo ohun tó ní, ó fi ra ilẹ̀ sẹ́bàá títì Ring Road, ó kọ́ ọgbà ìṣeré sí i. Nígbà tí ìjọba fòpin sí kónílégbélé ayé Kòrónà, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Gbogbo èèyàn tó ti ń wo ògiri ilé wọn láti ìgbà pípẹ́ fẹ́ lọ síbì kan, ibi yòówù kó jẹ́. Bọ́ọ̀sì ń ti Àkúrẹ́ wá, ó ń ti Adó wá, ó ń ti Òṣogbo wá. Àwọn iléèwé ń kó ọmọ wá, àwọn tọkọtaya tuntun ń wá ya fọ́tò. Bó bá di Sátidé, láti Challenge ni sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró sẹ́nu géètì, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló bí gbogbo wọn.

Àsìkò yẹn ló ra ọkọ̀ ìṣeré kan. Irin ni wọ́n fi ṣe é, bí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gbé e kọ́ sáàárín òpó méjì, á sì máa fì síwájú fì sẹ́yìn pẹ̀lú èèyàn nínú, títí imú rẹ̀ á fi yọ lókè ògiri. Àlòkù ni. Bọ́tìnnì tó yẹ kó máa dá a dúró kò fìgbà kan ṣiṣẹ́ rí. Nítorí náà, bí eré bá ti tó, ẹ̀gbọ́n mi á gbé makirofóònù sẹ́nu lórí pèpéle, á pariwo pé, “Ẹ pa á o!” Bàbá tó ń mójú tó jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ọgbà á fa irin kan, jẹnẹrétọ̀ á kú, ọkọ̀ náà á sì rọra fì títí á fi dúró. Láàárọ̀ dalẹ́, “Ẹ pa á o, ẹ pa á o” ni. Àwọn ọmọdé tiẹ̀ máa ń bá a pè é, wọ́n á máa jó sí i.

Nígbà tó yá, àwọn èèyàn dín kù. N kò lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Epo wọ́n, owó mọ́tò lé sí i, bọ́ọ̀sì Adó kò wá mọ́, ti Òṣogbo náà kò wá mọ́. Àwọn tọkọtaya tuntun ti jápa. Mo mọ ìyá kan tó máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Challenge. Nígbà tó yá, òdìkejì títì ló ń dúró sí. Á na ọwọ́ sí imú ọkọ̀ náà lókè ògiri, á ní, “Ẹ wò ó, òun nìyẹn,” wọ́n á sì wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé. Nígbà tí mo rí ìyẹn ni mo mọ̀ pé ó ti parí.

“Àwọn èèyàn ò wá mọ́,” ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

“Òjò ni,” ó ní.

Nígbà tí òjò dá, ó ní ìdánwò làwọn ọmọ ń ṣe. Nígbà tí ìdánwò parí, ó ní ààwẹ̀ ni. Kò sí oṣù tí kò ní àwáwí tirẹ̀. Bàbá oníjẹnẹrétọ̀ kò dúró gbọ́ èyí tó kù, ó lọ dáko ní Móníyà. Inú ń bí mi. Èèyàn tó yẹ kó máa gbà mí nímọ̀ràn wá di ẹni tó ń parọ́ fún ara rẹ̀ lójú mi.

Ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ó pè mí wá sí ọgbà. Ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ní ọ̀fẹ́ ni gbogbo èèyàn máa wọlé lọ́jọ́ Ajé, kí ìlú lè rí i pé ọgbà òun ṣì wà láàyè. Ó ti lọ bá àwọn ọmọ gáréèjì ní Challenge pé kí wọ́n wá ṣọ́ ibẹ̀, kí olè má bàa wọlé. Mo gun ọkọ̀ náà, mo jókòó sí i. Irin tó yẹ kó dá itan èèyàn mọ́ ìjókòó ń mì lọ́wọ́ mi bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ bá a nídìí tábìlì rẹ̀. “Ẹ má lo ọkọ̀ yìí,” ni mo wí.

“Kí ni wọ́n wá fẹ́ wá wò? Ojú ẹ?”

“Ẹ ta ilẹ̀ yìí. Ọgbà yín ti kú, ẹ jẹ́ ká sin ín.”

Ó gbá mi létí. Àgbàlagbà bíi tèmi, oníyàwó, olùkọ́. Iná ṣẹ́ lójú mi. Mo gbé àga oníke, mo là á mọ́ tábìlì tó wà láàárín wa, ẹsẹ̀ àga náà kan ta, ó gé e létè. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí ẹ̀wù rẹ̀. Kò nù ún. Ó na ìka sí mi, ó ní, “Bí o bá tún tẹ ọgbà mi, ohun tójú ẹ bá rí, o fara mọ́ ọn nìyẹn.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ gun irin yẹn, kí ni ǹ bá ṣe? Lọ́jọ́ Ajé, èrò ti bo títì kí n tó dé ibẹ̀. Ọ̀fẹ́ ti kó wọn jáde láti Apẹ̀tẹ̀ dé Dùgbẹ̀. Wọ́n ń tira wọn lẹ́nu géètì, wọ́n ń ya aṣọ mọ́ra wọn lọ́rùn, ọkùnrin kan ń fi bẹ́líìtì na àwọn èèyàn sẹ́yìn bí ẹni ń da màlúù. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí pèpéle, makirofóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tó wú ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ náà kún fún ọmọ, ó sì ti ń fì.

Mo mọ̀ pé bí mo bá lọ bá a lórí pèpéle, a máa jà lójú gbogbo ayé. Nítorí náà mo gba ẹ̀yìn lọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju kí n fa irin yẹn, kí n pa jẹnẹrétọ̀, kí ọkọ̀ dúró, lẹ́yìn náà kó wá bú mi bó ṣe wù ú. Ó ti fi irin náà han ọ̀kan nínú àwọn ọmọ gáréèjì, ṣùgbọ́n ìyẹn ti lọ ra sìgá. Mo gun ògiri kékeré tó yí jẹnẹrétọ̀ ká. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sáàárín àwọn wáyà ńláńlá, mò ń wá irin.

“Olè! Ó fẹ́ gé wáyà!”

N kò tíì yíjú tí igi àkọ́kọ́ fi bà mí lẹ́yìn. Mẹ́rin ni wọ́n, tàbí márùn-ún. Wọn ò mọ̀ mí rí. Wọ́n wọ́ mi sílẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí níkùn. Ọ̀kan bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń fi gbá mi lẹ́nu, ó ń fi sùúrù gbá a, bí ẹni ń pa aáyán.

“Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ibí!” ni mo pariwo.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bọ́ bàtà ní, “Gbogbo olè ló ní ẹ̀gbọ́n.”

Pákó tó bà mí lójú, ìṣó wà lórí rẹ̀. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú kejì, mò ń fi ojú kan wo gbogbo ayé nínú omi pupa. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọ̀pá irin sókè, ó sì dúró, ó ń wo àwọn tó kù. Mo rí i pé ẹ̀rù ti ń bà á. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn, mo rò pé wọ́n ti fẹ́ fi mí sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi dún láti inú sípíkà tó wà lókè orí wa.

“Ẹ pa á! Ẹ pa á!”

Ọmọ tó gbé ọ̀pá wo òkè. “Ṣé ká pa á lóòótọ́?”

“Kí lẹ ń wò?” ni ohùn náà ń ké. “Mo ní kẹ́ ẹ pa á! Ẹ pa á kíákíá!”

“Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá wí,” ni ẹni tó bọ́ bàtà sọ.

Mo mọ ohùn yẹn. Òun ló kọ́ mi ní á-bí-dí. Mo gbọ́ ọ, ohun tí mo sì rò ni pé ó ti rí mi láti orí pèpéle, pé ètè rẹ̀ ṣì ń dùn ún, pé ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Kò sí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo lílù yẹn. Ọ̀pá irin náà ń bọ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, mo yí sápá kan. Ó fò mí, ó bá ara jẹnẹrétọ̀, ó ṣẹ́ irin tí mo ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kú. Orin kú, sípíkà kú. Gbogbo ọgbà pa lọ́lọ́. Mò ń gbọ́ ọkọ̀ náà bó ti ń ké, bó ti ń fì, tí kò lágbára mọ́, àti àwọn ọmọ tó ń sunkún nínú rẹ̀. Irin itan wọn ti já lóòótọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń di ara wọn mú. Ọmọ kan gé ahọ́n rẹ̀ jẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi sáré gba ẹ̀yìn wá. Ayọ̀ wà lóhùn rẹ̀ kó tó yọ sí wa.

“Ẹ ṣeun o! Ọlọ́run á bù kún yín! Ta ló pa á? Ta ló pa á nínú yín?”

Ọmọ tó di ọ̀pá mú dá a lóhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ má bínú, ọ̀gá. A ò tíì pa á o. Ó ṣì ń mí.”

Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Ohùn tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu èèyàn. Ó bo ọmọ náà mọ́lẹ̀, ó fún un lọ́rùn, ó ń fi orí rẹ̀ gbá ògiri. Àwọn tó kù na pápá bora. Èmi tí mo wà nílẹ̀ ni mo di aṣọ rẹ̀ mú, tí mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọmọ náà sílẹ̀.

Ẹnìkan ti fi fóònù ya fídíò. Ìdajì rẹ̀ ló jáde: ìyà tí wọ́n fi ń jẹ mí, àti ohùn ẹ̀gbọ́n mi lókè. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ló ń sọ. Ìyá wa gbọ́ ọ ní Agbowó, wọ́n wá bá mi ní ọsibítù, wọ́n ní kí n sọ òótọ́ fún àwọn. Mo ní, “Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n pa, Mọ́mì.” Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tún un sọ káàkiri Ìbàdàn títí di òní, fún olóyè, fún pásítọ̀, fún ọlọ́kadà. Ní ti bóyá àwọn èèyàn ṣì ń lọ sí ọgbà ìṣeré, n kò mọ ti àwọn yòókù. Koríko ló wà nínú ti ẹ̀gbọ́n mi.

Ó máa ń wá kí mi ní Bódìjà lẹ́yìn ìsìn, á gbé ọsàn wá. Kò pe ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Bí iná bá ń jó lásán, á ní “ẹ jẹ́ kí iná yẹn sinmi.” Bí rédíò bá ń pariwo, á ní “ẹ mú kó dákẹ́.” Ìyàwó mi a máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Èmi, ó ń bí mi nínú. Ó dà bíi pé ó ń gbé òkú kan wọ ilé mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò sì tíì kú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fáànù ń pariwo débi pé a kò gbọ́ra wa. Ó ní, “Jọ̀ọ́, bá mi ṣe fáànù yẹn kó… kó dúró.”

Mo gbaná jẹ. “Ẹ pè é bó ṣe ń jẹ́! Èmi ni wọ́n lù, kì í ṣe ẹ̀yin. Mo ti ní mo gbà yín gbọ́. Ẹ pè é!”

Ó gbé ohùn sókè kí n lè gbọ́, ó ní, “Pa á.”

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi méjèèjì ti bo orí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó kọjá lára mi, ó sì fúnra rẹ̀ pa fáànù náà.